Ẹni Tó Ṣílẹ̀kùn fún Olè

Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn Mùtíù ní àdúgbò wa. Ohùn náà nípọn, ó sì máa ń fà díẹ̀ níparí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kó tó fẹ̀yìn tì, ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù Àpápá ló ti ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n sì máa ń rán sí ẹnu géètì láti pe orúkọ ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti jáde. Àwọn èèyàn á ti dúró nínú oòrùn títí, láàárín àwọn tírélà, wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀. Ẹni tí Mùtíù bá pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ fún un.

Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì, tó jókòó sílé ní Ajégúnlẹ̀, ẹnu tí orúkọ pípè ti mọ́ lára kò lè dákẹ́. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní kó máa bá wa ka ìròyìn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á jókòó sẹ́yìn ilé rẹ̀ níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò pọ̀ sí, á gba ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù, á sì fi í ránṣẹ́ sórí Wàsáàpù àdúgbò. Á kí àwa mùsùlùmí, á kí àwọn onígbàgbọ́, á sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tó kú, á sọ ojú ọ̀nà tí omi ti bò àti ìgbà tí wọ́n máa tún táràǹsífọ́mà ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni apá tí gbogbo wa ń dúró dè máa ń tó wọlé, èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní Ẹni Tó Ṣílẹ̀kùn fún Olè.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jí nǹkan nínú mọ́tò ló bí apá yẹn. Àwa ò ní ààyè mọ́tò nínú ilé. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni kálukú ń gbé tirẹ̀ sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹnì kan á rí i pé dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò òun ti lọ, ẹlòmíràn á ṣí iwájú mọ́tò, kò ní bá bátìrì. A sanwó fún ọlọ́dẹ, a ra iná tó ń tàn kedere, kò tán. Mùtíù ló wá dá a lábàá pé a ò rí olè mú, ẹ jẹ́ ká máa mú ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́. Tó o bá fi báàgì sórí àga mọ́tò tí olè fi fọ́ dígí, a ó pe orúkọ rẹ. Tó o bá gbàgbé láti tilẹ̀kùn, a ó pe orúkọ rẹ. “Ohun tí ojú olè ò bá rí, ọwọ́ olè ò ní kàn án.” Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, á dákẹ́ díẹ̀, á sì wá pe orúkọ ẹni náà jẹ́jẹ́, bó ṣe ń pè é ní wáàfù.

Kí n má parọ́, ó ṣiṣẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín. Ohun tí ọlọ́dẹ kò lè ṣe, ìtìjú bá wa ṣe é. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nínú mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọlé, kódà àwọn tí kò ní nǹkan kan nínú mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn yẹ abẹ́ àga wò kí wọ́n tó sùn. Àwọn àdúgbò mìíràn gbọ́, wọ́n ń fi ìròyìn Mùtíù ránṣẹ́ síra wọn, ó ń dé Marine Beach, ó ń dé Ìjọrá, ó ń dé etí àwọn tó ń ṣọ́ mọ́tò ní Àpápá. Bí Mùtíù bá ń kọjá, wọ́n á pè é ní Bàbá Ìròyìn. Orí rẹ̀ wú. Mi ò dá a lẹ́bi, ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Àmọ́ nígbà tó yá, ó fi àwàdà kún un, àwàdà náà sì ń dùn mọ́ ọn ju iṣẹ́ lọ.

Philomena ló jìyà àwàdà yẹn jù. Ọmọ Delta ni Philomena, ìyá Omoefe, opó tó ń ta ẹja inú yìnyín ní ìkángun àdúgbò wa. Mọ́tò Síẹ́nà ògbólógbòó kan ló fi ń kó ẹja. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ká a mọ́ ìta pẹ̀lú ọmọ léjìká àti páálí ẹja lọ́wọ́, ó sáré wọlé, ó gbàgbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò ní ṣíṣí. Kó tó padà dé, bátìrì ti lọ, jáàkì ti lọ. Ní Sátidé yẹn, Mùtíù pe orúkọ rẹ̀, ó wá bi í lórí afẹ́fẹ́ pé ṣé olè náà ti di oníbàárà rẹ̀ ni tó fi ń ṣílẹ̀kùn fún un. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ táwọn ọmọkùnrin oríta fi ń pe Philomena ní Ìyá Oníbàárà. Obìnrin náà lọ bá Mùtíù nílé, ó ní òótọ́ ló sọ, òun máa ṣọ́ra.

Philomena yìí kan náà ló gbé fóònù wá fún un.

Fóònù Ejike ni, ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ọmọ bíbí Ajégúnlẹ̀ ni Ejike, Igbo ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá àti pidgin ló fi dàgbà bíi ti gbogbo wọn. Àìsàn ráńpẹ́ ló mú un lọ nígbà tí oyún Omoefe ṣì wà nínú. Kó tó kú, ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù náà lọ́jọ́ kan, ó ń bá ọmọ inú oyún sọ̀rọ̀. Ejike kò fẹ́ràn fídíò, kò sì sí ohùn rẹ̀ mìíràn níbì kankan. Philomena ti gbọ́ ọ títí kí Omoefe tó gbọ́njú, fóònù wá kú lọ́jọ́ kan, kò gba iná mọ́. Àwọn tó gbé e lọ bá ní àwọn lè jí i, àmọ́ gbogbo ohun inú rẹ̀ máa lọ. Ó gba fóònù rẹ̀, ó gbé e padà sílé.

Omoefe ti wá dàgbà tó láti máa béèrè báyìí. Báwo ni bàbá òun ṣe ń sọ̀rọ̀? Philomena á sọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un, ọmọ náà á ní ohùn mọ́mì nìyẹn, òun ò fẹ́ ohùn mọ́mì. Nígbà tí Mùtíù gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní òun mọ Onyeka kan tó ń tún fóònù ṣe ní Àpápá, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká, kì í pa nǹkan inú fóònù rẹ́. Philomena fi náílọ́ọ̀nù wé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni mo lè gbé e fún. Ẹ̀yin kì í gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò.”

Onyeka jí fóònù náà lóòótọ́. Mùtíù jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù títí iná fi wọ ojú rẹ̀. Onyeka ní kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohùn náà ṣì wà, wọ́n sì gbọ́ ọ tán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Onyeka ní kó jẹ́ kí òun gbé ẹ̀dà ohùn náà sínú fóònù Mùtíù náà, kó lè jẹ́ méjì. Mùtíù ní rárá, ohun olóhun ni, ẹni tó ni ín ló yẹ kó pinnu bẹ́ẹ̀. Mi ò lè bá a wí lórí ìyẹn. Èrò ọmọlúàbí ni.

Ibi tó ti ṣàṣìṣe nìyí. Ó wakọ̀ láti ọ̀dọ̀ Onyeka, fóònù wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú náílọ́ọ̀nù, ooru mú, ó sì sọ dígí kalẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù mọ́tò rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bó ṣe ń kọjá níwájú ọ́fíìsì tó ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wà ní ẹnu géètì, wọ́n ké sí i pé Bàbá Ìròyìn. Ó gbé mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀ láti kí wọn lásán. Wọ́n ní kó pe orúkọ bó ṣe ń pè é láyé ọjọ́sí. Ó pe ọ̀kan, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó pe òmíràn. Tí ẹ bá bi mí, màá ní ìyìn ló ṣe é.

Nígbà tó padà dé ìdí mọ́tò, náílọ́ọ̀nù ló bá nílẹ̀. Fóònù ti lọ.

Ó wo abẹ́ àga, ó wo abẹ́ mọ́tò, ó tún padà wo orí àga bíi pé ojú òun ló ń tan òun. Dígí tó sọ̀ kalẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Olè kò fọ́ nǹkan kan, kò já nǹkan kan, ọwọ́ lásán ló nà. Mùtíù mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ní òpópónà yẹn, Àlíù ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ mọ́tò, kò sì sí nǹkan tó máa sọnù níbẹ̀ tí Àlíù kò ní mọ ibi tó gbà, tí wọ́n bá tètè sọ fún un. Àlíù jókòó lábẹ́ agboòrùn rẹ̀ lódìkejì, kò jìnnà. Mùtíù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá a. Àlíù rí i, ó fi ẹ̀rín gbé ọwọ́ sókè, ó sì kígbe láti ọ̀ọ́kán pé, “Bàbá Ìròyìn, ohun tí ojú olè ò bá rí ńkọ́?”

Àwàdà ni. Ìkíni ni. Àmọ́ ẹsẹ̀ Mùtíù kọ̀ láti gbé e síwájú. Ó rí bí ó ṣe máa rí: Àlíù á sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á dé Ajégúnlẹ̀ kí òun tó délé. Òun náà gbé ọwọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín padà, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Philomena àti Omoefe ti jókòó dè é lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Philomena ti ti ṣọ́ọ̀bù ẹja, ó ti wẹ ọmọ náà, ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún un, ó sì ti fi ribọ́nù di irun rẹ̀. Ọmọ fẹ́ lọ gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó múra. Mùtíù bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó rí ribọ́nù yẹn, ẹnu rẹ̀ sì là.

Ó ní, “Wọ́n dá mi lọ́nà ní Ìjọrá.”

Kò mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kejì tẹ̀ lé e, ìkẹta tẹ̀ lé e. Àwọn tírélà ti dí afárá pa, mọ́tò ò lọ, àwọn géńdé wá bá a, wọ́n fi ọ̀bẹ hàn án, òun bá wọn jà díẹ̀ nítorí fóònù náà. Philomena gbé ọwọ́ lérí. Kò pẹ́ tó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sì béèrè ni pé ṣé wọn ò gún Bàbá níbì kankan. Ó ní kó má sunkún nítorí fóònù, ó bu omi fún un mu. Omoefe ń fi ìka fa ribọ́nù rẹ̀ tú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bi Mùtíù ní ìbéèrè tó yẹ, Sàfíátù ìyàwó rẹ̀. Ó ń bu oúnjẹ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nígbà tó béèrè pé, “Bàbá Nusirat, àwọn olè tó gba fóònù tó ti gbó yẹn, kí ló dé tí wọ́n fi tiyín sílẹ̀ lápò?”

Mùtíù ní wọn ò rí i. Sàfíátù wò ó díẹ̀, ó gbé àwo kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì béèrè mọ́. Mùtíù kò lè jẹ oúnjẹ náà. Ohun tó dun obìnrin náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún mi lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ni pé ọkọ òun yí ojú kúrò nígbà tó ń fèsì.

Ní Sátidé, gbogbo àdúgbò ti ń retí. Kì í ṣe ohun tí Mùtíù lè fò dá. Ó jókòó sẹ́yìn ilé, ó sì ka ìròyìn bí ẹni tí wọ́n dá lọ́nà. Ó sọ irú fóònù tó jẹ́, àwọ̀ rẹ̀, ibi tó ti sán lójú. Ó ní ẹni tó bá rí i kó jọ̀wọ́ pe òun, pé ní orí afárá Ìjọrá ni wọ́n ti fi ọ̀bẹ gbà á. Nígbà tó dé Ẹni Tó Ṣílẹ̀kùn fún Olè, ó ní lọ́sẹ̀ yìí, a dúpẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ kú ewu bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Àwọn kan gbé iṣu wá, àwọn kan gbé ohun mímu wá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúgbò wá jókòó yí i ká, wọ́n ní kó tún un sọ. Gbogbo ìgbà tó bá tún un sọ, nǹkan tuntun á wọ inú rẹ̀. Géńdé kan di olójú kan, ọ̀bẹ gùn sí i. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lèmọ́mù dá wa dúró, ó ṣe àdúà fún un, a ṣe àmín. Mùtíù tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ bíi tiwa, ó sì sọ fún mi pé òun kò lè sọ àmín náà jáde, ẹnu lásán ni òun ń ṣí.

Ohun tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni ọpẹ́ Philomena. Obìnrin náà kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lójú tirẹ̀, ẹrù tirẹ̀ ni àgbàlagbà náà fẹ́ tìtorí rẹ̀ kú, kò sì yẹ kí Ọlọ́run má gbọ́ ọpẹ́ lẹ́nu òun. Ó lọ bá pásítọ̀ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè, ó sì wá bẹ Mùtíù pé kó jọ̀ọ́, kó yọjú, kò burú pé mùsùlùmí ni. Mùtíù wá àwáwí títí. Sàfíátù ló sọ fún un pé ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí kì í sá.

Wọ́n fi í jókòó sí iwájú. Ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ń yí i. Philomena jó jáde pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé páálí ẹja kan àti gálọ́ọ̀nù epo sí iwájú pẹpẹ, wọ́n fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní òun sunkún nítorí ohùn ọkọ òun, àmọ́ ohùn tó ti lọ ti lọ, Ọlọ́run kò jẹ́ kí òun tún fi ẹ̀mí Bàbá yìí kún un. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ìjọ hó. Omoefe tó jókòó ti Mùtíù mú ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Níbo ni ọ̀bẹ ti bà yín?”

Mùtíù gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fi í pamọ́ sábẹ́ fìlà. Bí ilẹ̀ bá là níbẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ni ì bá fi wọlé sínú rẹ̀. Ojú tì í títí dé eegun. Ó ti fi ìtìjú na gbogbo àdúgbò rí, kò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí lára nìyẹn, pé ó máa ń gbóná létí, kó sì tutù nínú.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí Àpápá. Ó bá Àlíù lábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Àlíù dìde, ó gbé àga fún un, ó ń kí i kú ewu Ìjọrá. Mùtíù ní kó má kí òun, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bó ṣe sọ dígí kalẹ̀, ibi tó gbé fóònù sí, bí òun ṣe ń bọ̀ wá bá a lọ́jọ́ náà tí òun sì padà. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó rò pé Àlíù máa rẹ́rìn-ín, ó sì ti ṣetán fún un.

Àlíù kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ó jókòó.

Ó ní, “Bàbá, ọjọ́ yẹn náà la mú olè náà. Kò tíì rìn jìnnà. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, mo tọ́jú ẹ̀ síbí, mò ń retí oní-nǹkan. Mo bi gbogbo dérébà. Kò sẹ́ni tó wá.” Ó nu ojú. “Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbọ́ ìròyìn yín. Ẹ sọ àwọ̀ ẹ̀, ẹ sọ ibi tó ti sán. Mo ti gbé fóònù mi láti pè yín. Ẹ wá ní Ìjọrá ni, ẹ ní ọ̀bẹ ni wọ́n fi gbà á. Mo ní á jẹ́ pé òmíràn lèyí. Ta ló máa rò pé ìròyìn yín lè parọ́?”

Nígbà tí kò rí ẹni tó ni ín, ó ní kí ẹnì kan bá òun nu gbogbo inú rẹ̀, ó sì fún ìyàwó rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sílé, wọ́n gbé e wá. Àwòrán ìyàwó Àlíù ló wà lójú fóònù náà, ó wọ gèlè aláwọ̀ ewé, ó ń rẹ́rìn-ín. Mùtíù gbé e sáré lọ bá Onyeka. Onyeka so ó mọ́ ẹ̀rọ, ó wá ohùn náà títí, ó yọ ọ́, ó sì mi orí.

Àìṣọ́ra kọ́ ló pa ohùn Ejike. Bó bá jẹ́ àìṣọ́ra nìkan ni, ohùn náà ì bá délé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìròyìn ló pa á. Mùtíù rò ó títí láti Àpápá dé Ajégúnlẹ̀, kò sì rí ibòmíràn tó lè yí ẹ̀bi náà sí.

Philomena ń gé ẹja nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mùtíù kò jókòó. Ó gbé fóònù lé orí tábìlì, ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún Àlíù, ó sì fi ohun tí Àlíù sọ kún un. Philomena gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Oníbàárà kan dúró, ó ń wo àwọn méjèèjì. Obìnrin náà kò bú u, kò gbé ohùn sókè.

Ó ní, “Nígbà tí mo kúnlẹ̀, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ̀ ń wò mí.”

Mùtíù ní bẹ́ẹ̀ ni. Philomena tún gbé ọ̀bẹ, ó bi oníbàárà pé ṣé kí òun yọ orí ẹja náà kúrò. Mùtíù dúró títí, ó wá lọ.

Ní Sátidé, ó ka ìròyìn. Àwọn tó bímọ, àwọn tó kú. Nígbà tó dé Ẹni Tó Ṣílẹ̀kùn fún Olè, ó dákẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀, orúkọ àti orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní òun kò rí ọ̀bẹ, òun kò dé Ìjọrá, Àpápá ni òun ti ṣí dígí sílẹ̀, irọ́ tí òun pa nínú ìròyìn yìí ló sì jẹ́ kí wọ́n nu fóònù olóhun. A gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ní kí ẹlòmíràn máa ka ìròyìn, apá olè yẹn sì wọlẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ máa kà á. Mo máa ń rí Mùtíù níwájú ilé rẹ̀, mo máa ń kí i, òun náà á dáhùn pẹ̀lú ohùn kékeré tí mi ò mọ̀ mọ́ ọn rí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, tí Philomena fi mú Omoefe wá sílé rẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, mo wá gba ọpọ́n ayò wa lọ́wọ́ Sàfíátù ni. Mùtíù dìde dúró bí ọmọ iléèwé. Philomena ní kó jókòó, òun kò wá jà.

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ohùn Ejike kẹ́yìn. Ọmọ yìí ní òun ò fẹ́ kí n máa fi ohùn mi sọ ọ́ fún òun mọ́, pé bàbá òun kì í ṣe obìnrin. Mo rò ó, mi ò rí ẹlòmíì. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un.”

Mùtíù wo ìyàwó rẹ̀, ó wo èmi náà, bíi pé ọ̀kan nínú wa lè gbà á sílẹ̀. Omoefe ti fa àpótí sún mọ́ ọn, ó ti jókòó, ó káwọ́ mọ́ orúnkún. Mùtíù nu ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, daddy ẹ nìyí o. Abeg, jẹ́ kí mommy ẹ sùn. Since morning na so so kick, kick. Ṣé bọ́ọ̀lù lo gbé wọbẹ̀ ni? Ní sùúrù. Tó o bá jáde, èmi fúnra mi máa gbé ẹ lọ sí pápá Marakánà, ká jọ gbá a títí ilẹ̀ máa fi ṣú. I dey wait you. But for now, abeg, take am easy.” Ó fi kún un pé, “Bàbá rẹ wá rẹ́rìn-ín níbẹ̀.”

Ohùn wáàfù rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ohùn tó nípọn yẹn, tó ń fà níparí. Kò ní òmíràn. Pidgin náà kò mọ́ ọn lẹ́nu. Philomena gbé iwájú orí lé ọwọ́. Omoefe gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín, ó ń wò ó.

Ó béèrè pé, “Ṣé bí ohùn daddy mi ṣe rí nìyẹn?”

“Rárá, ọmọ mi,” Mùtíù wí. “Ohùn tèmi nìyẹn.”

“Báwo wá ni tiẹ̀ ṣe rí?”

Mùtíù la ẹnu. Ó ti sọ bí omi ṣe rí nínú gọ́tà wa, ó ti sọ bí ọ̀bẹ tí kò sí níbì kankan ṣe gùn tó, àmọ́ kò rí ohun kan sọ. Mo wo Philomena bóyá ó máa bá a dáhùn. Òun náà ti gbé orí sókè, ó ń wo ẹnu Mùtíù, ó ń dúró de ìdáhùn, bí ẹni tí ohùn náà ti ń kúrò létí òun náà.